Pọ́ọ̀nù Etí Pátákó: Ṣé Ó Yẹ Kí A Máa Fi b4 Bẹ̀rẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀sì?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní agbègbè Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo, níbi tí àwa kan ti máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ọjọ́ Sátidé, ọmọdébìnrin kan wà tí kì í fi pọ́ọ̀nù àárín bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbàkígbà tó bá mú funfun, pọ́ọ̀nù tó wà níwájú ẹṣin ẹ̀gbẹ́ ayaba ni yóò kọ́kọ́ tì síwájú, láti b2 lọ sí b4 (lẹ́tà a dé h ń ka ìlà ilé láti òsì funfun lọ sí ọ̀tún rẹ̀, nọ́ńbà 1 dé 8 sì ń ka ilé láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sí ọ̀dọ̀ dúdú). Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, ní kí n dá a lẹ́kun. Wọ́n ní bí ọmọ bá fi irú èyí mọ́ra, kò ní mọ ṣẹ́ẹ̀sì dé ojú àmì. N kò dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tíṣà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé wọ́n kì í sọ̀rọ̀ lásán.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: nínú gbogbo ìgbésẹ̀ 20 tí funfun lè fi bẹ̀rẹ̀ eré, ṣé ó tọ́ kí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú máa yan èyí tó wà ní etí pátákó, nígbà tí e4 àti d4 wà níbẹ̀ tí wọn kò sá fún ẹnikẹ́ni?

Ẹjọ́ tí Tíṣà rò

Ọ̀rọ̀ Tíṣà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá gbé ẹṣin sí igun pátákó ní a1, ilé 2 péré ni yóò lè fò sí. Bí a bá gbé ẹṣin kan náà sí e4, ilé 8 ni yóò máa ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀ta, ìyẹn àwọn tó mọ eré ta, fi ń jà fún àárín láti ìbẹ̀rẹ̀ eré: ẹni tó bá di àárín mú ni ọmọ ogun rẹ̀ ń ríbi gbà kọjá sí ọ̀tún àti sí òsì. Pọ́ọ̀nù tí a bá tì sí e4 ń ṣí ọ̀nà fún ayaba àti fún bíṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń lé alátakò kúrò ní d5 àti f5. Èyí tí a bá tì sí b4 kàn ń ṣí ilé b2 fún bíṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀ b3 ì bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ewu. Èyí tó tún wá le jù ni pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù náà ní b4. Bí dúdú bá fèsì pẹ̀lú e5, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní f8 ti dojú kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Eré kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí funfun, tó yẹ kó máa lé ènìyàn, ti ní ẹrù tó ń ṣọ́.

Tíṣà fi òwe tì í lẹ́yìn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu wọn ni pé àwọn gbajúmọ̀ tó ta irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ti ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún eré e4 àti d4 kí wọ́n tó lọ sí etí pátákó. Aṣọ wọn ni ọmọ wa rí. Àkísà tó wà nínú àpótí wọn kò hàn sí i.

Àwọn tó ti ta á ṣáájú wa

Ìtàn b4 tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni ti Savielly Tartakower. Ní ìdíje ńlá tó wáyé ní New York ní ọdún 1924, ó lọ sí ọgbà ẹranko Bronx, ó rí ìnàkí kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Susan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní orangutan. Lẹ́yìn náà ló fi b4 bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀ pẹ̀lú Géza Maróczy, orúkọ Orangutan sì lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí títí di òní. Maróczy ló borí. Àwọn tó kórìíra b4 kò yé sọ ìtàn yìí, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Alexei Sokolsky, ọ̀ta kan ní ilẹ̀ Soviet, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ó ń ta á ní ìdíje, ó ń kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, títí tó fi gbé odidi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1963. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, orúkọ rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ náà ń jẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ti Sokolsky ni kí wọ́n dì mú. Ẹni tó fẹ́ ta b4 nítorí pé ó rẹwà lójú ìnàkí kò tíì ní ìdí kankan lọ́wọ́. Ẹni tó jókòó tì í fún ọdún púpọ̀ ni a lè bi ní ìbéèrè.

Ìtàn kejì, tí mo rò pé àwọn ènìyàn kì í kà dáadáa, ni ti Bent Larsen ní Belgrade ní ọdún 1970. Àwọn ọ̀ta ilẹ̀ Soviet dojú kọ àwọn ọ̀ta ìyókù ayé, Larsen sì ni wọ́n fi sí pátákó kìíní, ṣáájú Bobby Fischer pàápàá. Ó mú funfun pẹ̀lú Boris Spassky, ẹni tó jẹ́ olúborí àgbáyé nígbà náà, ó sì fi b3 bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 17 ni eré náà gbà kó tó parí. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlá, Spassky gbé rúùkù rẹ̀ odidi sí h1 kí Larsen jẹ ẹ́, nítorí pé pọ́ọ̀nù kan ti wà ní g3 tó ń wá ọ̀nà dé òpin pátákó, kò sì sí ohun tí Larsen lè fi dá a dúró mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá fi pọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀, eré yìí ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ eré náà sílẹ̀ kí ẹ fara balẹ̀ wò ó. Larsen fi ìgbésẹ̀ 3 gbé ẹṣin kan ṣoṣo kiri, láti g1 dé f3, dé d4, kó tó fi jẹ ẹṣin Spassky ní c6, tí àwọn méjèèjì sì jọ kúrò lórí pátákó. Lẹ́yìn ìyẹn ló ti f4, ó ti g3, ó ti h3, nígbà tí ọba rẹ̀ ṣì jókòó sí e1. Ẹṣin rẹ̀ ní b1 àti rúùkù rẹ̀ ní a1 kò kúrò lójú kan títí eré fi parí. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ lè fi irú nǹkan wọ̀nyí sí lára tí kò ní wó. Ní ọdún 1970 kan náà, Fischer fi b3 borí Henrique Mecking ní Palma de Mallorca, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé b3 ló gba ògo ọjọ́ yẹn. Bí a kò bá fún ìbẹ̀rẹ̀ ní ògo nígbà tí ó bá dára, kò yẹ kí a gbé gbogbo ẹ̀bi lé e lórí nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta

Ọ̀rọ̀ ìwé nìyẹn. Ohun tó yí èrò mi padà ṣẹlẹ̀ lójú mi, ní gbọ̀ngàn wa, ní ọjọ́ tí Tíṣà fúnra wọn jókòó síwájú ọmọ náà.

Tíṣà mú dúdú. Ọmọ náà ti b4, Tíṣà ti e5, ọmọ náà gbé bíṣọ́ọ̀bù sí b2 kó lè dojú kọ e5. Tíṣà wá ti pọ́ọ̀nù f sí f6 láti fi gbe e5 ró. Ìgbésẹ̀ yìí wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tí kò bá b4 pàdé rí, nítorí pé ó jọ ohun tó fìdí múlẹ̀: e5 kò lè ṣubú mọ́, bíṣọ́ọ̀bù dúdú ní f8 sì ṣì ń wo b4 bí ẹni tó ń wo ẹran nínú àwo. Ó kù sí ọwọ́ funfun láti gba pọ́ọ̀nù rẹ̀ là. A3 lè gbà á là. B5 náà lè mú un kúrò lójú ewu.

Ọmọ náà kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó ti pọ́ọ̀nù ọba rẹ̀ sí e4.

Tíṣà wo pátákó, wọ́n sì gbójú sókè. "Ọmọ mi, ṣé o rí pọ́ọ̀nù rẹ tó wà ní b4?"

"Mo rí i, sà."

Tíṣà jẹ ẹ́. Ọmọ náà gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kejì sí c4, ó tẹ aago, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lóye ohun tí mo ń wò. Pọ́ọ̀nù tó lọ sí f6 ti fi ilé f7 sílẹ̀ lófo, ọ̀nà sì ti là gbọọrọ láti c4 dé g8. Bí bíṣọ́ọ̀bù yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́, ọba dúdú kò lè sá lọ sí ẹ̀yìn rúùkù ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ilé f6 tí ẹṣin dúdú fẹ́ràn jù ni pọ́ọ̀nù tún ti jókòó sí. Tíṣà kan náà ló ń kọ́ gbogbo ọmọ wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pọ́ọ̀nù f ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, nítorí pé òun ni ilẹ̀kùn ilé ọba. Ẹni tó bá fi e4 bẹ̀rẹ̀ kò lè rí f6 gbà lọ́wọ́ Tíṣà láé. Pọ́ọ̀nù b4 ló gbà á lọ́wọ́ wọn ní ìgbésẹ̀ kejì.

Tíṣà kì í ṣe òpè. Wọ́n ronú pẹ́, wọ́n gbé ẹṣin sí e7, nígbà tí ọmọ náà sì ti f4, wọ́n ti d5, wọ́n fi pọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ kí ọ̀nà bíṣọ́ọ̀bù c4 lè dí, kí bíṣọ́ọ̀bù tiwọn náà lè rí ojú ọ̀nà. Ìdáhùn àgbà ni; Stockfish, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, náà yóò fọwọ́ sí i. Eré náà le lọ, ó le bọ̀, rúùkù àti pọ́ọ̀nù ló kù nígbẹ̀yìn, wọ́n sì ta ọ̀mì. Nígbà tí wọ́n parí, mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò gba b4 là. Ó ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, sà. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ti f6."

Ohun tó wà nínú ìdáhùn yẹn

Èmi ti máa ń dá b4 láre nítorí ìyàlẹ́nu. Mo máa ń sọ pé alátakò kò ní mọ̀ ọ́n, ó máa fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, àyà rẹ̀ máa já. Ìdí tí kò lágbára ni. Ìyàlẹ́nu kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́wọ́ ènìyàn kan, Tíṣà kò sì tún ní ti f6 mọ́. Bí b4 bá fẹ́ yẹ ní títa, ó gbọ́dọ̀ yẹ lọ́jọ́ tí alátakò bá ti mọ̀ ọ́n dunjú.

Ní tòótọ́, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyàlẹ́nu kò kéré. Ẹ jẹ́ kí a mú ìdáhùn tó dára jù: e5, bíṣọ́ọ̀bù b2, kí dúdú sì jẹ b4 láìbìkítà. Funfun náà yóò fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ e5. Pọ́ọ̀nù etí ti lọ, pọ́ọ̀nù àárín ti lọ. Funfun ṣì ní d àti e lọ́wọ́, d nìkan ló kù fún dúdú. Dúdú ní èrè tirẹ̀, nítorí pé yóò tètè kó ọmọ ogun rẹ̀ jáde, yóò tètè fi ọba rẹ̀ pamọ́, bí funfun bá sì jẹ oorun díẹ̀, rúùkù dúdú yóò ti dé e8 láti máa wá ọba rẹ̀ ní e1. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ lásán jáde nínú pàṣípààrọ̀ náà, ìyẹn sì ni mo ń pè ní eré.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àárín ni b4 náà ń lé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. E4 gba iwájú wọlé, b4 gba ẹ̀gbẹ́, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ Tíṣà ti padà ní agbára lójú mi ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lọ. Ọmọ tí kò bá mọ ìdí tí e5 fi níye lórí kò lè mọ ìdí tó fi yẹ kó fi b4 ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Yóò kàn máa ti pọ́ọ̀nù náà síwájú nítorí pé ẹnikẹ́ni mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí alátakò bá sì ti f6, a3 ni yóò ta, torí pé kò mọ ohun tí f6 ti bàjẹ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé Stockfish ka b4 sí ìbẹ̀rẹ̀ tó fi àǹfààní ẹni tó kọ́kọ́ ta sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí: pátákó máa ń di ọgbọọgba. Lójú àwọn tí wọ́n ń fi eré jẹun ní Yúróòpù, àdánù gidi nìyẹn. Ní ti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, eré wọn kì í parí nítorí àǹfààní tó tóbi bí orí abẹ́rẹ́. Nítorí ẹṣin tí wọ́n gbàgbé láìṣọ́ ló ń parí.

Èyí kò sọ pé kí a kó gbogbo pọ́ọ̀nù ẹ̀gbẹ́ pọ̀ kí a sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. B3 dára, mo sì lè fi í fún ọmọ èyíkéyìí láìronú lẹ́ẹ̀mejì. A3 náà ti jagun rí: Adolf Anderssen fi í bẹ̀rẹ̀ eré 3 pẹ̀lú Paul Morphy ní Paris ní ọdún 1858, ó borí ní ọ̀kan, ó pàdánù ọ̀kan, wọ́n ta ọ̀mì ní ẹ̀kẹta. G4 ni n kò ní gbà. Mo mọ̀ pé Henri Grob ní Switzerland àti Michael Basman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ta á, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ibi tí ọba fẹ́ sá sí ni g4 ń tú òrùlé rẹ̀, d5 sì tó láti mú kí bíṣọ́ọ̀bù c8 dojú kọ ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín b4 àti g4 kì í ṣe kékeré: ẹni tó bá pàdánù b4 ṣì ní ilé tí yóò sùn sí.

Owó dátà àti ìwé

Ìdí mìíràn wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ṣẹ́ẹ̀sì láti òkèèrè kì í mẹ́nu bà, tó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Òṣogbo. Ọmọ tó bá fẹ́ máa fi e4 bẹ̀rẹ̀ yóò bá Sicilian pàdé, yóò bá French pàdé, Caro-Kann, àti oríṣiríṣi ẹ̀ka e5, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀nà tí dúdú ń gbà fèsì sí e4, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìwé tó nípọn. Ọmọ tó wà ní Kelebe tàbí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, tó ń yá fóònù ìyá rẹ̀ lò lẹ́yìn tí ìyá bá ti ọjà dé, tí dátà inú rẹ̀ kò sì pọ̀, kò ní àyè láti há gbogbo ìyẹn sórí. Lọ́dọ̀ b4, ohun tó yẹ kó mọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì fúnra rẹ̀ rí lórí pátákó ní tòótọ́ ni tirẹ̀. Mo ti rí i pé ọmọ tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ tó mọ̀ dunjú máa ń jókòó síwájú alátakò láìsí ìbẹ̀rù, pàápàá níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé olówó ńlá tí wọ́n ní olùkọ́ tiwọn nílé.

Àwọn àgbà tó ń ta ayò nítòsí Ọjà-Ọba yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí láìsí àlàyé. Ilé 12, ọmọ ayò 48, kò sí ìwé kankan tí wọ́n há sórí. Síbẹ̀ ọ̀ta mọ ìdí tí òun fi gbọn ilé kan ju èkejì lọ, bí ẹ bá sì bi í, yóò sọ ọ́. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì náà nìyẹn. Ẹ ta ohun tó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ iṣẹ́ tí ẹ rán pọ́ọ̀nù náà.

Ibi tí a bá a dé

Èmi àti Tíṣà ti jọ sọ ọ́, a sì fẹnu kò. Ọmọ náà lè máa ta b4, àmọ́ yóò máa ta e4 náà, ní ìdajì ìdajì, yóò sì máa mú dúdú nígbà mìíràn kí ẹlòmíràn fi b4 kọlu òun alára. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúlò jù lójú mi. Ẹni tó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni yóò mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Ìṣòro tuntun ti dé báyìí. Tíṣà ti lọ kàwé. Wọn kì í ti e5 sí b4 mọ́. D5 ni wọ́n fi ń fèsì, bí ọmọ náà bá sì ti gbé bíṣọ́ọ̀bù sí b2, wọn yóò gbé ayaba sí d6. Ayaba náà ń dojú kọ b4, ó sì ń ti e5 lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí funfun bá fi a3 gba b4 là, e5 yóò wọlé, dúdú yóò sì ní d5 àti e5 láìsan kọ́bọ̀ kan fún un. Pàṣípààrọ̀ tí b4 gbẹ́kẹ̀ lé ti bọ́ nìyẹn. Ọmọ náà fẹ́ kọ́kọ́ ti e3 kí ó tó ṣe ohunkóhun. Èmi rò pé c4 ló yẹ kó wá ní kíá, kó kọlu d5 kí àárín náà tó le. A ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́nà méjèèjì, Tíṣà sì ṣì ń fi dúdú rí ibi sá sí nínú c4 tèmi, nítorí náà e3 ni a ó kọ́kọ́ wò ní Sátidé tó ń bọ̀.